Ìbéèrè lórí ∫ x² sin 3x dx: ibo ni àmì ti ń yí mọ́ mi lọ́wọ́?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kìíní béèrè:

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi nínú ìmọ̀ ìṣirò, mo kí yín o. Ọdún àkọ́kọ́ ni mo wà ní yunifásítì, ibi tí a sì dé báyìí nínú ẹ̀kọ́ wa ni integral (òdìkejì derivative) tí a ti ń fi polynomial (àkópọ̀ àwọn power x, bíi x² tàbí 2x) sọ sin tàbí cos di púpọ̀. Ìṣirò kan ṣoṣo ti gba ọjọ́ mẹ́ta lọ́wọ́ mi: ∫ x² sin 3x dx. Mo mọ òfin integration by parts lórí, ìyẹn ∫ u dv = uv − ∫ v du, ṣùgbọ́n ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo ti gbà ṣìnà nídìí rẹ̀.

Ní ìgbà àkọ́kọ́, sin 3x ni mo pè ní u, mo sì fi x² dx ṣe dv. Ohun tí mo rí ni (x³/3) sin 3x − ∫ x³ cos 3x dx; dípò kí iṣẹ́ náà dínkù, ńṣe ni ó ń ga sí i. Ní ìgbà kejì, mo pààrọ̀ wọn, mo fi x² ṣe u, mo sì rí −(x²/3) cos 3x + (2/3) ∫ x cos 3x dx. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀, àmọ́ nígbà tí mo fẹ́ ṣe èyí tí ó kù, mo fi cos 3x ṣe u, gbogbo rẹ̀ sì padà di ∫ x² sin 3x dx = ∫ x² sin 3x dx. Ojú ìwé kan àbọ̀ ni mo kọ láti fi hàn pé nǹkan kan dọ́gba pẹ̀lú ara rẹ̀. Ní ìgbà kẹta, mo rí ìdáhùn kan: −(x²/3) cos 3x + (2x/9) sin 3x − (2/27) cos 3x + C. Ìwé tí a ń lò sọ pé àmì ìròpọ̀ ni ó yẹ kí ó wà níwájú 2/27, n kò sì rí ibi tí mo ti ṣe é.

Nǹkan kejì tí ó rú mi lójú nìyí. Mo ní kí áàpù ìṣirò kan lórí fóònù mi bá mi ṣe integral yìí láti 0 dé π, ó sì gbé 3.1417 jáde. Ẹni tí a jọ ń gbé yàrá ní π ni ìdáhùn náà, ó ní áàpù ni ó ṣì í kà díẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì fèsì:

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ ọpọlọ. Inú mi dùn pé o kọ gbogbo ohun tí o ṣe sílẹ̀, títí kan èyí tí ojú ń tì ọ́ láti kọ, nítorí ẹni tí ó bá kàn ní kí a bá òun ṣe é kì í jẹ́ kí a mọ ibi tí ó ti kọsẹ̀.

Lóòótọ́ ni o ṣìnà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni ó fa ìgbà méjì àkọ́kọ́: o kò tíì pinnu èyí tí ó yẹ kí ó kú nínú àwọn méjèèjì. Polynomial a máa kú. Bí o bá mú derivative x² (ìyẹn bí ó ṣe ń yára yí padà bí x ti ń yí padà), yóò di 2x, yóò di 2, yóò sì di òdo, ọ̀rọ̀ rẹ̀ parí nìyẹn. Sin àti cos kò ní ikú. Ì báà jẹ́ derivative wọn ni o mú, ì báà jẹ́ integral wọn ni o ṣe, ńṣe ni wọ́n ń yí po bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, tí ọ̀kan ń di èkejì. Nítorí náà, polynomial ni kí o fi ṣe u láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí o má sì yí ọkàn padà lágbede méjì. Ohun tí o ṣe ní ìgbà kejì gan-an nìyẹn: ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ sọ x² kalẹ̀ di 2x, ìgbésẹ̀ kejì tún gbé e padà sókè, o rìn lọ, o rìn bọ̀, ẹnu ọ̀nà ilé rẹ ni o sì tún bá ara rẹ.

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń fi lẹ́tà márùn-ún LIATE kọ́ni, èyí tí Herbert Kasube gbé jáde ní ọdún 1983: logarithm ni ó ṣáájú, inverse trigonometry tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni algebra, trigonometry àti exponential, èyí tí ó bá sì ṣáájú nínú ìtò yìí ni a ó fi ṣe u. Ó wúlò. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ni, n kì í fẹ́ kí àwọn ọmọ há a sórí kí wọ́n tó mọ ìdí rẹ̀, nítorí ẹni tí ó bá ti mọ̀ pé polynomial ni yóò kú kò nílò lẹ́tà kankan fún irú iṣẹ́ tí ó wà níwájú rẹ yìí.

Ní ti àmì, àtẹ ni kí o lò. Fa òpó méjì. Ní òpó òsì, kọ x², kí o máa mú derivative rẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ títí yóò fi di òdo: x², 2x, 2, 0. Ní òpó ọ̀tún, kọ sin 3x, kí o máa ṣe integral rẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀: sin 3x, −(1/3) cos 3x, −(1/9) sin 3x, (1/27) cos 3x. Lẹ́yìn náà, fi ohun kọ̀ọ̀kan tí ó wà ní òsì sọ ohun tí ó wà ní ọ̀tún, ní ìlà kan nísàlẹ̀ rẹ̀, di púpọ̀, kí ọwọ́ rẹ máa dábùú sọ̀kalẹ̀. Fi àmì ìròpọ̀ sí ti àkọ́kọ́, ìyọkúrò sí ìkejì, ìròpọ̀ sí ìkẹta. x² bá −(1/3) cos 3x pàdé lábẹ́ ìròpọ̀, a rí −(x²/3) cos 3x. 2x bá −(1/9) sin 3x pàdé lábẹ́ ìyọkúrò, ìyọkúrò méjì sì di ìròpọ̀, a rí (2x/9) sin 3x. 2 bá (1/27) cos 3x pàdé lábẹ́ ìròpọ̀, a rí (2/27) cos 3x. Ìdáhùn rẹ nìyí:

∫ x² sin 3x dx = −(x²/3) cos 3x + (2x/9) sin 3x + (2/27) cos 3x + C

Ibi tí àmì ti yí mọ́ ọ lọ́wọ́ ni ìgbésẹ̀ ìkẹyìn, níbi tí ó ti ku −(1/3) ∫ sin 3x dx nínú ∫ x cos 3x dx. Àmì ìyọkúrò kan ti wà níta, integral sin 3x sì tún ń gbé tirẹ̀ bọ̀. Méjì ni wọ́n. Ọ̀kan ni o kọ. Ọ̀rọ̀ ìyọkúrò kò sì yẹ kí ó ṣòro fún àwa tí a ń pe 16 ní mẹ́rìndínlógún, tí a ń yọ mẹ́rin kúrò nínú ogún láti kékeré láìmọ̀ pé ìṣirò ni a ń ṣe.

Kí o tó gba ìdáhùn kankan gbọ́, mú derivative rẹ̀ wò. Bí o bá mú derivative ìdáhùn tìrẹ, x² sin 3x nìkan kọ́ ni yóò jáde, (4/9) sin 3x yóò tún wà lẹ́yìn rẹ̀ tí kò ní ibi tí yóò lọ. Ìṣẹ́jú kan ni èyí ń gbà, ó sì sàn ju ṣíṣí ẹ̀yìn ìwé lọ.

Onímọ̀ Ẹ̀rọ Iná fèsì:

Ẹ kú àlàyé, ìyá wa olùkọ́. Ẹ jẹ́ kí n mú ìbéèrè kejì.

Àbúrò mi, áàpù kò ṣi nǹkan kan kà, ìdáhùn náà kì í sì í ṣe π. Mú ìdáhùn tí ìyá wa fún ọ, kí o fi π sí ipò x: cos 3π jẹ́ −1, sin 3π jẹ́ òdo, nítorí náà ohun tí yóò kù ni π²/3 − 2/27. Fi òdo sí ipò x, ohun tí yóò kù ni 2/27. Yọ èkejì kúrò nínú ti àkọ́kọ́, ó di π²/3 − 4/27. Ìdá mẹ́ta π² jẹ́ 3.28987, 4/27 jẹ́ 0.14815, ìyàtọ̀ wọn sì jẹ́ 3.14172. Ṣùgbọ́n 3.14159 ni π. Nọ́ńbà kẹrin lẹ́yìn pọ́ìntì ni wọ́n ti pínyà. Ó jọ ọ́ lójú, kì í ṣe òun. Bí wọ́n bá dọ́gba ni, a jẹ́ pé 9π² − 27π − 4 yóò jẹ́ òdo, Ferdinand von Lindemann sì ti fi ẹ̀rí hàn ní ọdún 1882 pé kò sí ìdọ́gba irú èyí, tí odidi nọ́ńbà nìkan wà níwájú àwọn power rẹ̀, tí π lè jẹ́ ìdáhùn fún. Bí ó bá jẹ́ àmì tìrẹ ni o lò, 3.43802 ni ìbá jáde, ọ̀rẹ́ rẹ kì bá sì ti rí ohun tí yóò pè ní π.

Rí i dájú pé radian (ìwọ̀n igun tí π ti dọ́gba pẹ̀lú díkírì 180) ni áàpù rẹ wà, kì í ṣe díkírì. Òfin pé derivative sin jẹ́ cos kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́ bí igun bá wà ní díkírì.

Ohun kan tí mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn ni pé kí o wo ibi tí integral ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí kí o tó gbé gègé. Ká ní láti −π dé π ni wọ́n ní kí o ṣe iṣẹ́ yìí, òdo ni ìdáhùn, láìṣe ìgbésẹ̀ kankan: x² rí bákan náà ní òsì àti ní ọ̀tún òdo, sin 3x sì máa ń yí àmì padà bí x bá yí àmì padà, nítorí náà ohun tí ó wà lókè ní apá kan ni yóò wà nísàlẹ̀ ní apá kejì, wọn yóò sì pa ara wọn rẹ́. Nínú ìdánwò kan tí mo ṣe nígbà tí mo wà ní irú ipò rẹ, mo lo ogún ìṣẹ́jú lórí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, mo rí òdo, mo rò pé mo ti ṣe àṣìṣe, mo fagi lé e, mo sì tún un ṣe.

Lẹ́nu iṣẹ́ wa, irú integral yìí ni a fi ń tú ìgbì iná tí ó dà bí eyín ayùn sí àwọn sin kéékèèké, gẹ́gẹ́ bí Joseph Fourier ti ṣe fún ọ̀rọ̀ ooru nínú iṣẹ́ tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1822. Ṣe (1/π) ∫ x sin nx dx láti −π dé π pẹ̀lú àtẹ ìyá wa. 2/n ni yóò jáde bí n kò bá ṣeé pín sí méjì, −2/n bí ó bá ṣeé pín. Bí o bá wá kó gbogbo wọn jọ, tí o fi π/2 sí ipò x, ìwọ fúnra rẹ ni yóò rí i pé π/4 = 1 − 1/3 + 1/5 − 1/7 + …

Ọmọ Ìṣirò fèsì:

Mo júbà ẹ̀yin àgbà. Mo fara mọ́ àtẹ, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà tí mo fẹ́ràn jù ú lọ, pàápàá bí power x bá ti ga, nítorí pé kò sí integral kankan nínú rẹ̀ rárá; derivative nìkan ni a ń mú.

Ẹ jẹ́ kí á pe polynomial wa ní p, kí a sì máa wá ∫ p cos x dx. A ti mọ bí ìdáhùn yóò ṣe rí: polynomial kan tí a fi sọ sin di púpọ̀, àti òmíràn tí a fi sọ cos di púpọ̀, ìyẹn P sin x + Q cos x. Mú derivative rẹ̀, kí o kó ohun tí ó bá cos lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan àti ohun tí ó bá sin lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ti cos ní kí P + Q′ jẹ́ p (′ ni derivative ẹ̀ẹ̀kan, ″ ni ẹ̀ẹ̀mejì, ⁗ ni ẹ̀ẹ̀mẹrin). Ti sin ní kí Q jẹ́ P′. Nítorí náà P + P″ = p, èyí tí ó túmọ̀ sí pé P = p − p″ + p⁗ − …, a ó sì máa bá a lọ títí polynomial yóò fi kú, gẹ́gẹ́ bí ìyá wa ti wí. Bí p bá jẹ́ x³, p″ jẹ́ 6x, èyí tí ó tẹ̀ lé e jẹ́ òdo, nítorí náà P jẹ́ x³ − 6x, Q sì jẹ́ 3x² − 6:

∫ x³ cos x dx = (x³ − 6x) sin x + (3x² − 6) cos x + C

Ìlà méjì péré. Bí ó bá sì jẹ́ sin ni ó wà níbẹ̀, F′ sin x − F cos x ni ìdáhùn, níbi tí F ti jẹ́ f − f″ + f⁗ − … fún polynomial f tí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fàyè gbà mí kí n sọ ohun tí ó mú mi fẹ́ràn ìlà yìí, nítorí ó kan π tí àbúrò wa ń béèrè. Láti 0 dé π, sin di òdo ní ìpẹ̀kun méjèèjì, gbogbo integral náà sì di F(0) + F(π). Ní ọdún 1947, Ivan Niven lo èyí láti fi ẹ̀rí hàn, nínú ojú ìwé kan péré, pé π kò lè jẹ́ odidi nọ́ńbà kan lórí òmíràn. Johann Lambert ti kọ́kọ́ fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn láti àwọn ọdún 1760, ṣùgbọ́n ọ̀nà tirẹ̀ gùn, ó sì le. Niven ní, ká sọ pé π jẹ́ a/b. Ó mú f(x) = xⁿ(a − bx)ⁿ/n!, níbi tí n! ti jẹ́ 1 × 2 × … × n, ó sì fi hàn pé gbogbo ohun tí yóò jáde nínú F(0) àti F(π) jẹ́ odidi nọ́ńbà. Ṣùgbọ́n láàárín 0 àti π, f(x) sin x ju òdo lọ, bí n bá sì ti tóbi tó, n! tí ó wà nísàlẹ̀ yóò fún un mọ́lẹ̀ débi pé gbogbo integral náà kò ní tó 1. Ó ju òdo lọ, kò tó 1, a sì ní odidi nọ́ńbà ni. Irú odidi nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ kò sí, nítorí náà a/b kò sí.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kìíní fèsì:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ẹ ṣeun, mà. Mo ti fi àtẹ ṣe mẹ́rin nínú àwọn ìṣirò ìwé wa, mo sì mú derivative gbogbo wọn wò. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ∫ x cos² x dx, òpó ọ̀tún dàrú mọ́ mi lójú. Integral cos² x kò yí po bí ẹ ti wí. Ìwé náà tún béèrè ∫ x³ cos(x²) dx, n kò sì mọ ohun tí ó yẹ kí n kọ síbẹ̀.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì fèsì:

Kò lè yí po, nítorí pé kì í ṣe cos lásán ni ó wà níbẹ̀. Tú u ná: cos² x = (1 + cos 2x)/2. Apá kan di x/2, tí integral rẹ̀ jẹ́ x²/4. Apá kejì di (1/2) x cos 2x, èyí tí àtẹ rẹ yóò ṣe ní ìlà méjì. Ìdáhùn ni x²/4 + (x/4) sin 2x + (1/8) cos 2x + C. Gbogbo ibi tí o bá ti rí sin tàbí cos tí power wà lórí rẹ̀, tàbí tí a fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀, sọ wọ́n di sin tàbí cos kọ̀ọ̀kan ná kí o tó fa òpó kankan.

Ní ti ∫ x³ cos(x²) dx, wo inú àkámọ́. Pe x² ní t. Nígbà náà, dt jẹ́ 2x dx, nítorí náà x³ dx jẹ́ (1/2) t dt, iṣẹ́ náà sì di (1/2) ∫ t cos t dt, tí ó já sí (1/2)(x² sin x² + cos x²) + C. Ẹ̀yọ x kan tí ó ṣẹ́ kù lẹ́yìn x² ni ó gbà wá. Bí ó bá jẹ́ x² cos(x²) ni wọ́n fún ọ, kò ní sí ẹ̀yọ x tí yóò di dt. Integration by parts yóò sì gbé ọ dé ọ̀dọ̀ ∫ sin(x²) dx, tí kò ṣeé kọ pẹ̀lú àwọn function tí o mọ̀. Orúkọ Fresnel, ará Faransé tí ó ṣiṣẹ́ lórí ìmọ́lẹ̀, ni a fi ń pe integral yẹn. Bákan náà ni (sin x)/x àti x tan x rí: má ṣe fi alẹ́ rẹ ṣòfò lé wọn lórí. Ṣùgbọ́n x sec² x kò le. Polynomial ni u, tan x ni v, x tan x + ln |cos x| + C ni ìdáhùn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kìíní fèsì:

Ó yé mi, mà. Ọ̀gá onímọ̀ ẹ̀rọ, mo fi ọ̀rọ̀ yín han ọ̀rẹ́ mi, ó sì ní kí á wò ó bóyá nọ́ńbà mìíràn ní ipò 3 yóò sún mọ́ π jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ṣe ∫ x² sin nx dx láti 0 dé π fún n èyíkéyìí: bí n kò bá ṣeé pín sí méjì, π²/n − 4/n³ ni, bí ó bá ṣeé pín, −π²/n ni. Fún 1, mo rí 5.8696, fún 5, mo rí 1.9419, nítorí náà 3 nìkan ni ó sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n −4.9348 ni mo rí fún 2. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Báwo ni ó ṣe lọ sísàlẹ̀ òdo tó bẹ́ẹ̀, nígbà tí sin 2x ń lo ìdajì ọ̀nà lókè, tí ó sì ń lo ìdajì nísàlẹ̀?

Onímọ̀ Ẹ̀rọ Iná fèsì:

O ṣe é dáadáa, má tún un ṣe mọ́. Lóòótọ́ ni sin 2x pín ọ̀nà náà sí ọgbọọgba, ṣùgbọ́n x² kò pín in bẹ́ẹ̀. Láti 0 dé π/2, tí sin 2x wà lókè, x² ò ju láti òdo dé nǹkan bí 2.47 lọ. Láti π/2 dé π, tí sin 2x wà nísàlẹ̀, x² ti kúrò ní 2.47, ó ti gùn dé 9.87. Nítorí náà, ohun tí ó wúwo ni a fi sọ apá ìsàlẹ̀ di púpọ̀, ohun tí ó fúyẹ́ ni a fi sọ apá òkè. Gé integral rẹ sí méjì ní π/2, kí o sì ṣe wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: apá àkọ́kọ́ jẹ́ π²/8 − 1/2, ìyẹn 0.7337, apá kejì jẹ́ −5.6685. Ro wọ́n pọ̀, −4.9348 rẹ ni yóò jáde.